A Kì Í Mí Ju Baálẹ̀ Lọ

Ọjọ́rú kan nínú ọyẹ́ ni àwọn elétò ìlera wá sí abúlé wa, Abà Ẹlẹ́kùrọ́, lẹ́bàá ọ̀nà Akínyẹlé. Sàníù ni orúkọ mi. Èmi ni akọ̀wé abúlé, mo sì kọ ọjọ́ náà sílẹ̀. Nígbà tí a jí láàárọ̀, kò sí ẹni tí a mọ̀ tó ń ṣàìsàn nínú wa. Nígbà tí oòrùn fi máa kan àtàrí, àgbàlagbà mẹ́tàlélógójì, ọkùnrin àti obìnrin, ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kú tán nínú ìwé nọ́ọ̀sì.

Màá sọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Nọ́ọ̀sì tó ṣáájú wọn ń jẹ́ Morẹ́nikẹ́. Ọ̀dọ́ ni, ojú rẹ̀ mú, ó sì ń sọ̀rọ̀ wéréwéré bí ẹni tí ọkọ̀ ń dúró dè. Ọkọ̀ ń dúró dè é lóòótọ́. Àyè èèyàn méjì péré ló ṣẹ́kù nínú ọkọ̀ náà, fún ẹni tí àyẹ̀wò bá fi hàn pé ó yẹ kí dókítà rí nígboro Ìbàdàn lọ́jọ́ náà gan-an. Bó bá ti di aago méjì, ọkọ̀ á lọ, ó sì di ọdún tó ń bọ̀ kí wọ́n tó padà wá.

Iwájú ilé Baálẹ̀ ni a kó ara wa jọ sí. Nọ́ọ̀sì mú ọ̀pá rọ́bà funfun kan jáde, tí kò gùn ju ṣíbí ọbẹ̀ lọ. Nọ́ńbà wà lára rẹ̀ láti ọgọ́ta dé ẹgbẹ̀rin, àmì pupa kékeré kan sì wà nínú rẹ̀. Bí èèyàn bá fi ẹnu sí i tó fẹ́ ẹ, àmì náà á sáré gun òkè.

"Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá," ó ní, "ẹ̀dọ̀fóró àti ọkàn, inú ilé kan náà ni wọ́n ń gbé, inú àyà níbí. Ọ̀dọ̀ ẹ̀dọ̀fóró ni ẹ̀jẹ̀ ti ń gba atẹ́gùn, ọkàn ló ń tú u káàkiri ara. Bó bá rẹ ọ̀kan, èkejì ló máa fa ẹrù tiẹ̀ mọ́ tara rẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé bí èémí àgbàlagbà bá ń dínkù, a gbọ́dọ̀ tètè yẹ ọkàn rẹ̀ wò. Nígbà mìíràn ọkàn ló ń ṣàárẹ̀, èémí ló kọ́kọ́ wá rojọ́."

"Bíi tọkọtaya ni wọ́n!" ni Olúwadọ̀tun kígbe láti ẹ̀yìn. Òun ló ń fọn kàkàkí nínú ìjọ Séráfù.

"Ọkọ ta ló fa ẹrù ìyàwó rí ní abúlé yìí?" ni Ìyá Tèmídayọ̀ dá a lóhùn. Àwọn obìnrin pàtẹ́wọ́, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú lu ara wọn.

Èmi kò rẹ́rìn-ín. Òjò méjì ti rọ̀ kọjá lẹ́yìn ikú ìyàwó mi, Mùjíbátù. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi dín àdín, nínú èéfín, bí gbogbo obìnrin ibí ṣe ń ṣe. Lọ́dún tó lò kẹ́yìn, bó bá ń ti ìdí kànga bọ̀, á dúró lẹ́ẹ̀mẹ́ta kó tó dé ilé. Bí mo bá bi í, á ní òun ń wo nǹkan ni. Mo ní ọjọ́ ogbó ni. Lọ́jọ́ tí dókítà sọ fún mi pé ọkàn rẹ̀ ni, ọjọ́ kejì rẹ̀ ni a sin ín. N kò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ohun kan wà tí nọ́ọ̀sì kò mọ̀ nípa wa. Ní Abà Ẹlẹ́kùrọ́, a kì í ju Baálẹ̀ lọ. Kò sí ibi tí a kọ ọ́ sí; bí ó bá wà, èmi ni ì bá kọ ọ́. Nígbà tí Baálẹ̀ ṣe àtẹ̀gùn mẹ́ta síwájú ilé rẹ̀, gbogbo ẹni tó kọ́lé lẹ́yìn rẹ̀ ṣe méjì. Nígbà Iléyá kan, àgbò Roheem ṣèèṣì tóbi ju ti Baálẹ̀ lọ. Ẹ̀yìn balùwẹ̀ ló so ó mọ́ fún ọjọ́ mẹ́fà. Ẹni tó bá gbọ́ ohùn rẹ̀, Roheem á ní ìyàwó òun ló ń húkọ́.

Baálẹ̀ ló kọ́kọ́ fẹ́ ọ̀pá náà. Ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin ni Baálẹ̀ wa, Bàbá Kàmọ́rù. Ó dìde, ó ká ọwọ́ agbádá rẹ̀ lé èjìká, ó ki baba tó bí i ní gbólóhùn méjì, ó wá fẹ́ ẹ títí ojú rẹ̀ fi ràn. Àmì pupa náà gùn díẹ̀, ó dúró.

"Igba dín mẹ́wàá," ni nọ́ọ̀sì kà. Kò sọ bóyá ó pọ̀ tàbí ó kéré. Ó kàn kọ ọ́ sílẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣeun, Bàbá."

"Baálẹ̀ o!" gbogbo wa kígbe. "Igba dín mẹ́wàá! Kábíyèsí!"

Báyìí ni igba dín mẹ́wàá ṣe di òrùlé. Kò tún sí ẹni tó gbọ́dọ̀ fi orí kàn án.

Èmi ló kàn, nítorí pé èmi ló tẹ̀ lé e lọ́jọ́ orí. Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin ni mí, fúnra mi ni mo sì ń ro oko mi; mo mọ ohun tó wà ní àyà mi. Ṣùgbọ́n ojú mi àti ti Baálẹ̀ ṣe mẹ́rin. Mo wá fẹ́ ọ̀pá náà bí ẹni tó ń fẹ́ ẹ̀kọ gbígbóná fún ọmọ ọwọ́.

"Ọgọ́sàn-án," ni nọ́ọ̀sì kà. "Bàbá, ṣé gbogbo agbára yín nìyẹn?"

"Gbogbo rẹ̀ nìyẹn," mo ní. Irọ́ ni mo pa, n kì í sì í purọ́.

Ìyá Kàmọ́rù, ìyàwó Baálẹ̀, tẹ̀ lé mi. Ó fi ìdí ìró nu ọ̀pá náà, ó fẹ́ ẹ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó rọra ń yọjú wo àmì náà, ó sì dá èémí dúró nígbà tó rí i pé ó fẹ́ kọjá ààyè rẹ̀. Àádọ́sàn-án. Ẹni tó tẹ̀ lé e, ọgọ́jọ. Ẹni tó tẹ̀ lé ìyẹn, àádọ́jọ. A ń sọ̀ kalẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí àwọn tó ń sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀pẹ, ẹni kọ̀ọ̀kan lórí ọjọ́ orí rẹ̀.

Ìṣòro dé nígbà tó kan Roheem àti Ọlọ́runyọmí, torí pé ọdún kan náà ni wọ́n bí wọn.

"Èmi ló kàn," ni Roheem wí.

"Ta ló sọ fún ẹ? Lọ́jọ́ tí wọ́n bí ẹ, èmi ti wà láyé tí mò ń jẹun!"

"Àwé, má parọ́ mọ́ mi! Wọn ò tíì sọ ẹ́ lórúkọ lọ́jọ́ tí wọ́n bí mi. Ọmọ ọjọ́ méje péré ni ẹ́!"

Ìgbà náà ni ẹ̀rín bú.

"Ó ti jẹ́wọ́!" Ọlọ́runyọmí ń fò sókè. "Ẹ ti gbọ́ o! Ọjọ́ méje ni mo fi jù ú lọ! Àbúrò, bọ́ sẹ́yìn!"

Roheem bọ́ sẹ́yìn. Ó fẹ́ ọgọ́fà pẹ̀lú ìbínú.

Nígbà tó kan Najeem, ládàánì wa, nọ́ńbà ti fẹ́ tán. Najeem ni ẹni tí wọ́n ra gbohùngbohùn fún ní mọ́ṣáláṣí, tí wọ́n sì dá a padà nítorí pé kò nílò rẹ̀. Ọgọ́rin ló fẹ́. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Olúwadọ̀tun bọ́ síwájú, ẹni tó jẹ́ pé bó bá fọn kàkàkí ní ọjọ́ Ìsinmi, àwọn ewúrẹ́ abúlé kejì á dìde. Ó gbé ẹnu lé ọ̀pá náà bí ẹni tó ń fi ẹnu ko ọmọ tuntun lẹ́nu.

"Ẹ fẹ́ ẹ, bọ̀dá," ni nọ́ọ̀sì wí.

"Mo ti fẹ́ ẹ, mà."

"Àmì yìí ò kúrò lójú kan!"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ọmọdé ni mí."

Nọ́ọ̀sì wo àyà rẹ̀ tó fẹ̀ bí ilẹ̀kùn. Ó wo ìwé rẹ̀. Òógùn bò ó nínú ọyẹ́. Ó bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó pe ọ̀gá rẹ̀ lórí fóònù, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ń dé ọ̀dọ̀ wa.

"Sà, ọ̀rọ̀ ibí yìí yé mi bí ẹni pé kò yé mi. Gbogbo wọn ló burú, ṣùgbọ́n àwọn arúgbó ló sàn jù. Bí ọjọ́ orí wọn bá ṣe ń kéré sí i ni wọ́n ń sún mọ́ ikú. Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Èyí tó kéré jù ò mí rárá. Rárá o, sà, ó ń rẹ́rìn-ín."

Ó tẹ́tí fún ìgbà díẹ̀, ó padà wá.

"Ẹ má bínú sí wa o," ó ní. "Ọ̀gá mi ní ọ̀pá yìí ti bàjẹ́. A máa fagi lé gbogbo nọ́ńbà tí a kọ. Ẹ jọ̀ọ́, ó di ọdún tó ń bọ̀."

Abúlé pàtẹ́wọ́. Inú wa dùn pé a ti bọ́. Awakọ̀ ti ki kọ́kọ́rọ́ bọ ọkọ̀. Baálẹ̀ dìde láti sìn wọ́n sọ́nà, ó ń bọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Lórí èkejì ló dúró. Ó fi ọwọ́ gbá òpó mú.

"Mò ń wo òrùlé yẹn ni," ó ní. "Ó fẹ́ máa jò."

Mo gbójú sókè wo òrùlé náà. Páànù tuntun ni. Kàmọ́rù ọmọ rẹ̀ ló kàn án lóṣù mẹ́ta sẹ́yìn. Mo wá wo ìsàlẹ̀. Okùn bàtà rẹ̀ ti wọ inú ẹran ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ bí okùn tó wọ inú àpò gaàrí. Mo mọ irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀. Oṣù mẹ́rin ni mo fi ń fi òrí ra irú rẹ̀ fún Mùjíbátù ní alaalẹ́.

Ìgbà náà ni mo rí ohun tí a ti ṣe. Nínú àwa mẹ́tàlélógójì, ẹnì kan ṣoṣo ló fẹ́ ọ̀pá náà tọkàntara. Nọ́ńbà ẹnì kan ṣoṣo ló jẹ́ òótọ́, òun náà ni wọ́n sì fẹ́ fagi lé. Aago méjì ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

"Nọ́ọ̀sì," mo ní, "ẹ dúró. Ọ̀pá yín ò bàjẹ́. Àwa la bàjẹ́."

"Kí lẹ sọ, Bàbá?"

"Ẹ gbé e fún mi, kí n tún un fẹ́."

Baálẹ̀ yíjú sí mi. "Sàníù, kí lo fẹ́ ṣe?"

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ó ti pẹ́ tí mo ti fi àyà kan ilẹ̀ kẹ́yìn. Eruku kún irùngbọ̀n mi. "Ẹ forí jì mí, Baálẹ̀," mo ní. Mo dìde, mo gba ọ̀pá, mo mí wọlé títí bọ́tìnì kan fi já lára ẹ̀wù mi, mo wá fẹ́ ẹ.

"Irínwó lé ogún!" ni nọ́ọ̀sì kígbe.

Ìyá Tèmídayọ̀ fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu. Roheem bẹ̀rẹ̀ sí í wo ibi tó máa gbà sá lọ, bí ẹni pé òun ló ṣe é.

"Sàníù," ni Baálẹ̀ wí.

"Mo wà níbí, Baálẹ̀."

"Ìlọ́po méjì tèmi lo fẹ́?"

"Ó lé díẹ̀, Baálẹ̀."

Èmi kò mọ ohun tí ì bá ṣẹlẹ̀ sí mi. Ìyá Kàmọ́rù ló gbà mí. Ó já ọ̀pá gbà lọ́wọ́ mi, ó de ìró rẹ̀ le, ó fẹ́ ẹ: ọ̀ọ́dúnrún lé ogójì.

"Háà!" obìnrin náà kígbe. "Ọdún méjìléláàádọ́ta ni mo ti ń mí díẹ̀díẹ̀ nínú ilé yìí! Ẹ tún gbé e fún mi!"

Odò ya. Kò sí ẹni tó tún rántí ọjọ́ orí. Ọlọ́runyọmí fẹ́ ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta, Roheem gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi ogún jù ú, ó ń sáré yí igi máńgòrò po, ó ń pariwo pé, "Bọ̀dá ọlọ́jọ́ méje, ẹ kú ìnáwó!" Àwọn obìnrin ń jà sí i. Wọ́n ń kọrin. Ẹnì kan fẹ́ ẹ títí gèlè rẹ̀ fi bọ́. Najeem ké Àllàhú Àkbàrù kí ó tó fẹ́ tirẹ̀, àmì náà dé ẹgbẹ̀ta, àwọn ará mọ́ṣáláṣí gbé e sókè. Àwọn ará Séráfù ní ó dára, ẹ dúró ná, ẹ jẹ́ kí tiwa dé. Olúwadọ̀tun ya ẹsẹ̀ sọ́tọ̀. Ó di ojú. Ariwo kan jáde nínú ọ̀pá náà bíi ti ọkọ̀ ojú irin, àmì pupa gbá ìdí òkè pàá, adìẹ fò, nọ́ọ̀sì Morẹ́nikẹ́ fúnra rẹ̀ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó di ikùn mú, ó ń rẹ́rìn-ín, omijé ń bọ́ sórí ìwé rẹ̀.

Mẹ́ta nínú àwọn obìnrin tó ń dín àdín ni nọ́ńbà wọn kò ga púpọ̀, Ìyá Tèmídayọ̀ wà lára wọn. Nọ́ọ̀sì kọ lẹ́tà fún wọn pé kí wọ́n lọ rí dókítà lọ́jọ́ Ajé.

Nínú gbogbo èyí, Baálẹ̀ ti padà jókòó sórí àga rẹ̀. Ó wá na ọwọ́.

"Ẹ gbé e wá."

Ó fẹ́ ẹ. Igba dín mẹ́wàá. Ó sinmi, ó tún un fẹ́. Ọgọ́sàn-án. Ó tún un fẹ́ lẹ́ẹ̀kẹta, ètè rẹ̀ ń dúdú. Igba dín mẹ́wàá. Ẹ̀rín ti kú lẹ́nu gbogbo wa.

"Nọ́ọ̀sì," ó ní, "ṣé nǹkan yìí mọ̀ pé èmi ni Baálẹ̀?"

"Kò mọ̀, Bàbá."

Nọ́ọ̀sì kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. Ó fi ìka tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀, ojú ìka náà sì dúró níbẹ̀ bí ojú ìka nínú fùfú. Ó fi ẹ̀rọ etí gbọ́ àyà rẹ̀ níwájú, ó gbọ́ ọ lẹ́yìn.

"Bàbá, bí ẹ bá fẹ́ sùn, ìrọ̀rí mélòó lẹ ń gbé orí lé?"

"Mẹ́ta."

"Mẹ́rin ni," ni Ìyá Kàmọ́rù wí. "Àti àpò ẹ̀wà kan."

"Bàbá, ẹ máa bá wa lọ nísinsìnyí. Ohun tí mò ń gbọ́ níbí, ọkàn ló rán an wá."

"Èmi?" Baálẹ̀ fa ara rẹ̀ ró. "Ní ọ̀sán gangan? Lójú gbogbo ayé, kí wọ́n gbé mi sínú ọkọ̀ bí ewúrẹ́ tí wọ́n rà lọ́jà? Ẹ fi mí sílẹ̀. Bó bá di ọdún tó ń bọ̀, màá fẹ́ ẹ dáadáa."

Awakọ̀ fọn fèrè ọkọ̀. Mo lọ bẹ̀rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga rẹ̀, kí ó má baà jẹ́ pé gbogbo ayé ló máa gbọ́.

"Baálẹ̀," mo ní, "Mùjíbátù náà máa ń dúró. Bí mo bá bi í, á ní òun ń wo nǹkan ni. Mo gbà á gbọ́."

Ó wò mí. Òun ni ó ṣáájú wa lọ sí itẹ́ òkú lọ́jọ́ tí a sin Mùjíbátù. Òun ló di ọwọ́ mi mú.

"Àyè mélòó ló wà nínú ọkọ̀ yẹn?" ó béèrè.

"Méjì, Bàbá," ni nọ́ọ̀sì dáhùn.

"Iwájú ni èmi máa jókòó. Sàníù á wà lẹ́yìn." Ó dìde, ó fi ọwọ́ lé èjìká mi. "Ẹ jẹ́ kó jókòó ti táyà. Ẹni tó ní irínwó lé ogún nínú àyà, bí táyà bá jò, á fẹ́ ẹ."

Ariwo ẹ̀rín tó bú níbẹ̀, mo gbà pé wọ́n gbọ́ ọ ní Mọ́níyà. Ẹ̀rín náà ni a fi sìn ín wọ ọkọ̀. Ìyá Kàmọ́rù ń sáré tẹ̀ lé wa lẹ́yìn, ó ń ju aṣọ ìbora gba ojú fèrèsé wọlé, ó sì ń kígbe sí ọkọ rẹ̀ pé kó má purọ́ fún dókítà.

Kò purọ́. Dókítà ní ọkàn rẹ̀ ti rẹ̀, kò lè tú ẹ̀jẹ̀ bó ṣe yẹ mọ́, omi sì ti ń dà sínú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Ohun tó ń gba àyè èémí rẹ̀ nìyẹn. Ó ní ká dúpẹ́ pé kò tíì pẹ́ jù. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni Baálẹ̀ lò níbẹ̀. Wọ́n fún un ní oògùn tó ń fa omi kúrò lára, tó mú kó máa lọ sí balùwẹ̀ bí ẹni tó ń lọ ṣọ́ nǹkan níbẹ̀, àti òmíràn tó ń ran ọkàn lọ́wọ́. Wọ́n ní kò gbọ́dọ̀ jẹ iyọ̀ mọ́, àfi ìwọ̀nba tí kò tó ìmú ìka.

Ìyẹn ló wá di wàhálà fún abúlé. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí Baálẹ̀ dé tí gbogbo ilé fi ń se ọbẹ̀ tí kò níyọ̀. Ta ló fẹ́ jẹ iyọ̀ ju Baálẹ̀ lọ? Roheem ní inú oko lòun ti ń jẹ tòun. Nígbà tí nọ́ọ̀sì Morẹ́nikẹ́ gbọ́ lórí fóònù, ó pariwo ayọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi gbé fóònù jìnnà sí etí. Mo fẹ́ ṣàlàyé fún un, mo tún fi í sílẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ àná, mo lọ kí Baálẹ̀. Wọ́n gbé oúnjẹ wá, a jọ ń fi ọwọ́ bọ àwo kan náà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti fọn, egungun ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ ti yọ jáde. Ó ṣọ́ mi títí mo fi gbé òkèlè kẹta mì.

"Sàníù, ọbẹ̀ yìí ńkọ́? Ṣé ó dùn?"

"Kò dùn, Baálẹ̀," mo ní. "Kò dùn rárá."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ó fi ọwọ́ lu itan, ó gbé orí sẹ́yìn, ó ń rẹ́rìn-ín lọ, ẹ̀rín gígùn kan ṣoṣo, kò sì dúró mí láàárín rẹ̀. Mo fi òkèlè mi sílẹ̀ nínú àwo, mo tẹ́tí sí i títí ó fi parí.